Lẹ́tà Pásítọ̀ Tí N Kò Máàkì

Ní gbogbo ọdún tí mo fi ṣiṣẹ́ tíṣà, n kò fi ìwé ọmọ kankan sílẹ̀ láì máàkì. Bí ara mi kò bá yá, ọkọ mi, tó ti lọ sinmi báyìí, a máa kó àwọn ìwé náà wá sórí ibùsùn fún mi, a sì tò wọ́n kalẹ̀ bí ẹni to iṣu. Mo ti fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n ìwé kò fẹ̀yìn tì lọ́dọ̀ mi. Ní àdúgbò wa ní Ìkọ̀tún, ẹni tó fẹ́ kọ lẹ́tà ìwáṣẹ́, ẹni tó fẹ́ kọ̀wé sí ẹgbẹ́ onílé nípa gọ́tà, ẹni tó fẹ́ tẹ ìwé ìpè ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń gbé e wá. Màá wọ awò ojú mi, màá mú bírò pupa, màá ní kí wọ́n jókòó, kí wọ́n mu omi. Inú mi a máa dùn pé ìwé tó bá ti ojúlé wa jáde kì í ní àléébù.

Nítorí náà, nígbà tí pásítọ̀ ìjọ wa kan ilẹ̀kùn mi ní ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, tó sì mú àpò lẹ́tà funfun lọ́wọ́, kò yà mí lẹ́nu. Àjọ̀dún ìjọ ti ń sún mọ́lé. Mo rò pé lẹ́tà tí a ó fi pe àwọn àlejò ni.

"Ẹ káàsán, mà." Ó dọ̀bálẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì mi, tòun ti kóòtù lọ́rùn.

"Pásítọ̀, ẹ dìde, ẹ dìde. Ṣé ẹ̀yin ẹni Ọlọ́run ló yẹ kí ẹ máa dọ̀bálẹ̀ fún mi?"

"Tíṣà mi ni yín kí n tó di ẹni Ọlọ́run, mà."

Òótọ́ ni. Mo kọ́ ọ ní kíláàsì karùn-ún ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ẹ̀gbẹ́dá. Ọmọ tó mọ orin kọ ni, ṣùgbọ́n ìṣirò kò fẹ́ràn rẹ̀. Ó ní ọgbọ́n kan tí n kò gbàgbé. Bí mo bá gbé ìwé tí ó ti gba òdo sókè níwájú kíláàsì, tí mo sì béèrè pé ta ló ni ín, a sún mọ́ ọn, a wò ó fínnífínní, a mi orí, a ní, "Mà, ọwọ́ ìkọ̀wé mi kọ́ nìyẹn." Gbogbo kíláàsì á bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà a fi ìwé bojú kí wọ́n má baà rí eyín mi.

Ọmọ yẹn ló di ẹni tí mo ń pè ní ẹ̀yin. Bí mo bá ń bọ̀ láti ibi tí kẹ̀kẹ́ máa ń já mi sí ní Ìgàńdó, tí mo gbọ́ ohùn rẹ̀ láti inú ẹ̀rọ gbohùngbohùn ìjọ wa, màá tún gèlè mi ṣe, màá sì rìn bí ìyá ọkọ ìyàwó.

"Ẹ bá mi wo lẹ́tà yìí, mà," ó wí. "Kò gùn. Mi ò kàn fẹ́ kí gbólóhùn kankan wọ́ níbẹ̀ ni."

Mo wọ awò ojú. Ìgbìmọ̀ àwọn àgbà ìjọ ló kọ ọ́ sí. Ó ń bẹ̀ wọ́n pé bí àjọ̀dún bá ti kọjá, kí wọ́n jọ̀wọ́ òun lọ́wọ́ iṣẹ́ pásítọ̀. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Kò fi ẹnikẹ́ni sùn. Ó kàn kọ ọ́ pé ó yẹ kí ìjọ ní ẹni tó ní nǹkan lọ́wọ́ láti fún wọn, pé ọwọ́ òun ti ṣófo.

Mo bọ́ awò ojú mi. "Ta ló ṣẹ̀ ọ́?" Ìwọ ló jáde lẹ́nu mi. N kò rántí ẹ̀yin mọ́.

"Kò sẹ́ni tó ṣẹ̀ mí, mà."

"Ìyàwó rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́?"

"Wọ́n wà dáadáa. Òun gan-an ò tíì mọ̀."

"Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ kan lo dá? Sọ ọ́. Mo ti gbọ́ èyí tó burú ju tìrẹ lọ ní yàrá àwọn tíṣà."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Rárá o, mà. Ìyẹn ì bá kúkú sàn. Ẹni tó dẹ́ṣẹ̀ mọ ohun tó máa tọrọ." Ó ń yí òrùka ọwọ́ rẹ̀ po. "Mo dà bí ẹni tó ń gbé oúnjẹ fún èèyàn láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ tí kò sì tọ́ ọ wò. Bí mo bá ti dé orí pẹpẹ, ẹnu mi á máa lọ fúnra rẹ̀ bíi jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n gbàgbé láti pa. Ní Sọ́ńdè tó kọjá, tí gbogbo yín ń pariwo Halelúyà, ṣé ẹ mọ ohun tí mo ń rò? Mo ń rò ó pé mi ò tíì pe ẹni tó máa bá mi tún táǹkì omi ilé mi ní Ayọ̀bọ̀ ṣe."

"Èmi náà wà nínú àwọn tó pariwo yẹn," ni mo wí.

"Mo gbọ́ ohùn yín, mà."

A rẹ́rìn-ín, èmi àti òun. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀rín náà tán, omi ti lé ròrò sí i lójú, n kò sì lè ṣe bí ẹni tí kò rí i.

Mo dá lẹ́tà náà padà sínú àpò rẹ̀. "N kì í máàkì ìwé lójú ẹni tó kọ ọ́. O mọ̀ mí. Fi sílẹ̀. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó bá tẹ̀lé àjọ̀dún, ní aago mẹ́rin, wá gbà á."

"Mà! Ọ̀sẹ̀ márùn-ún nìyẹn o!"

"Ìwé pọ̀ nílẹ̀ ni."

Kò sí ìwé kankan nílẹ̀. Kí Ọlọ́run dárí jì mí.

Nígbà tó lọ tán, mo jókòó pẹ́. Mo mọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí lẹ́tà náà bá dé ọwọ́ àwọn àgbà. Wọn yóò bẹ̀ ẹ́, yóò kọ̀, wọn yóò sì rí òmíràn mú wá. Ìjọ kò ní tú. Ṣùgbọ́n ọmọ tí mo gbọ́ orin lẹ́nu rẹ̀ ní kíláàsì karùn-ún yóò kúrò nílé Ọlọ́run gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ebi lé jáde, kò sì dá mi lójú pé yóò tún wọ ilé Ọlọ́run mìíràn. Mo fẹ́ mọ ìgbà tí ebi náà bẹ̀rẹ̀. Mo dìde, mo gbé rẹ́jísítà.

Èmi ni mo ń tọ́jú rẹ́jísítà àwọn òṣìṣẹ́ ìjọ wa. Láti ọjọ́ tí a ti bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ kánópì, lórí ilẹ̀ tí ẹ̀gẹ́ ṣì ń hù ní ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀, ẹnikẹ́ni tó bá ní iṣẹ́ nínú ìjọ ni yóò kọ orúkọ rẹ̀ àti àsìkò tó dé kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi, mo dì í ní okùn, mo fi páálí bò ó lẹ́yìn. Mo ṣí èyí àkọ́kọ́. Orúkọ pásítọ̀ ló wà lókè ní gbogbo ojú ìwé. Òun ló ń dé ṣáájú gbogbo wa. Òun ló ń gbálẹ̀, tó ń to àga, tó sì ń lu agogo sí orin. Ó ń kọrin títí ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ á fi rin gbindin.

Èmi ni n kò fẹ́ràn òógùn yẹn. Kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀, àwọn èèyàn a ti máa fà á láṣọ: lọ́kọláya tó jà, ẹni tí onílé ń lé, ẹni tó lálàá. Nígbà tó bá fi máa dé ìdí pẹpẹ, kọ́là rẹ̀ á ti wọ́. Ní Èkìtì tí wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, a kì í rí òógùn lára àlùfáà. Nítorí náà, nígbà tí a kọ́ gbọ̀ngàn wa tán, tí yàrá kékeré kan sì wà lẹ́yìn pẹpẹ, mo ṣe ètò ìsìn tuntun. Mo tẹ̀ ẹ́, mo fi sínú gíláàsì, a gbé e kọ́ ara ògiri. Ìlà kẹrin rẹ̀ ni pé lẹ́yìn orin àwọn akọrin ni pásítọ̀ yóò wọlé. Àwọn àgbà pàtẹ́wọ́ fún mi. Wọ́n ní ìjọ wa ti dàgbà.

Mo ṣí rẹ́jísítà ọdún tí a wọ gbọ̀ngàn. Orúkọ rẹ̀ ṣì wà lókè, ṣùgbọ́n ní iwájú rẹ̀, níbi tí àsìkò tó dé yẹ kó wà, láti ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́, mo ti fi rúlà fa ìlà gbọọrọ láti etí ìwé dé etí ìwé, bí a ṣe ń ṣe fún ọmọ tí wọ́n ti yọ̀ǹda pé kó má wá. Ojú ìwé tó tẹ̀ lé e, ìlà. Ìwé ọdún tó tẹ̀ lé e, ìlà. Ìlà náà tọ́, kò wọ́ síbì kankan. Rúlà mi ni.

Kí ló sì ń ṣe nínú yàrá náà ní gbogbo ìgbà tí àwa ń kọrin? Mo mọ̀, nítorí èmi náà ti gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wọ ibẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà pẹ̀lú fáìlì lọ́wọ́. Fọ́ọ̀mù ìgbéyàwó. Ọ̀rọ̀ òrùlé tó ń jò. Ẹni tó fẹ́ kí wọ́n dárúkọ òun nínú ìfilọ̀. A ti sọ ọ́ di ọ́fíìsì. Nígbà tí a bá sì jọ́sìn tán, tí ara wa ti yá, a ó wá pe òun jáde kó wá fún wa sí i.

Ní Ọjọ́bọ̀, mo lọ sọ́dọ̀ bàbá tó jẹ́ alága ìgbìmọ̀ àwọn àgbà. Ọmọ onílẹ̀ ni bàbá yìí. Ìdajì ẹbí rẹ̀ ń lọ sí mọ́ṣáláṣí tó kọjú sí ìjọ wa, ìdajì wà lọ́dọ̀ wa, gbogbo wọn sì jọ ń jẹun. Mo bá a níwájú ilé rẹ̀, ó ń gé èékánná.

"Tíṣà! Kí ni mo tún kọ tí kò dára?"

"Ẹ ò kọ nǹkan kan, bàbá. Èmi ni mo kọ ọ́."

Mo sọ fún un pé mo fẹ́ kí a yí ètò ìsìn padà: kí pásítọ̀ máa bá wa wọlé láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo tún ní kí ó jókòó láàárín ìjọ fún ọjọ́ Ìsinmi mẹ́rin gbáko, kó má wàásù, kó má ka ìfilọ̀, kó má gbàdúrà fún ẹnikẹ́ni. N kò sọ̀rọ̀ lẹ́tà. Ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ ni.

Bàbá gbé réésà ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Níbo ni kó jókòó?"

"Níbi tí gbogbo wa ń jókòó."

"Ní ẹ̀yìn?"

"Ibi tó bá rí."

"Tíṣà, ẹ̀yin náà mọ ẹni tí a máa ń ní kó lọ jókòó sẹ́yìn, tí kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan nǹkan kan. Ẹni tó wà lábẹ́ ìbáwí ni. Ẹni tó fún ọmọ ọlọ́mọ lóyún. Kí Sọ́ńdè kan tó parí, wọ́n á ti gbọ́ ọ dé Dòpèmú pé pásítọ̀ wa ti ṣe nǹkan. Àjọ̀dún sì rèé lẹ́nu ọ̀nà!"

N kò rò ó dé ibẹ̀. Òótọ́ ló sọ. Láàárín wa, àga ẹ̀yìn kì í ṣe àga lásán fún ẹni tó bá ti gun pẹpẹ rí.

"Ta ni yóò tiẹ̀ wàásù?" bàbá ń bá a lọ.

"Igbákejì rẹ̀ wà. Ẹ̀yin náà wà."

"Èmi? Èmi tó jẹ́ pé bí mo bá ka ìfilọ̀ lásán, ojú yín á ti máa le bíi pé mo jí ẹran nínú ọbẹ̀?"

"N kò ní le ojú mọ́."

"Irọ́ nìyẹn, jàre."

Mo rò ó fún ìṣẹ́jú kan. Mo ní, "Bàbá, bí mo bá dìde lójú gbogbo ìjọ, tí mo sọ pé èmi ni mo ṣe àṣìṣe, pé ètò tí mo kọ kò dára, ta ni yóò tún sọ pé pásítọ̀ ló wà lábẹ́ ìbáwí?"

Ó wò mí. "Ẹ̀yin? Ẹ̀yin fẹ́ sọ níwájú èèyàn pé ẹ ṣe àṣìṣe?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Màá tètè dé lọ́jọ́ náà," ni bàbá wí, ó sì gbé réésà rẹ̀. Mo mọ̀ pé ó ti gbà.

Ọ̀rọ̀ pásítọ̀ ló le jù. Mo pè é lórí fóònù lọ́jọ́ Ẹtì. Mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún un.

"Mà, wọ́n á ní mo wà lábẹ́ ìbáwí."

"Èmi ni màá wà lábẹ́ rẹ̀."

"Mi ò mọ̀ bóyá ó máa ṣe nǹkan kan, mà. Ó lè má ṣe nǹkan kan."

"Bí kò bá ṣe nǹkan kan, lẹ́tà rẹ wà lọ́dọ̀ mi. Wá dé aago méje."

Nígbà tí mo ṣì ń kọ́mọ, bí mo bá ṣe àṣìṣe lójú pátákó, ṣọ́ọ̀kì ni mo máa ń dá lẹ́bi. Màá ní ṣọ́ọ̀kì yìí kò dára, màá sì yára nù ún. Lọ́jọ́ Ìsinmi yẹn, kò sí ṣọ́ọ̀kì. Mo dìde lẹ́yìn àdúrà ìbẹ̀rẹ̀. Mo ní kí wọ́n wo ìwé tó wà nínú gíláàsì lára ògiri. Mo ní èmi ni mo kọ ọ́, ìlà kẹrin rẹ̀ kò dára. "Mo fẹ́ kí pásítọ̀ wa mọ́ tónítóní, mo sì fi ọwọ́ ara mi yọ ọ́ kúrò nínú ìsìn. Ó ti pẹ́ tó ti ń wá síbi iṣẹ́, kò wá sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin yìí, yóò bá wa jókòó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ má ṣe fà á láṣọ. Bí ẹ bá gbọ́ tí ẹnikẹ́ni pè é ní ìbáwí, ẹ sọ fún un pé èmi ni wọ́n bá wí."

Ẹnì kan ní ẹ̀gbẹ́ àwọn ọkùnrin rọra ní, "Ìyá tíṣà ṣe àṣìṣe kẹ̀?" bí ẹni tó gbọ́ pé afárá kan ti já. Ibẹ̀ ni bàbá alága ti bẹ̀rẹ̀ sí pàtẹ́wọ́, àwọn yòókù sì gbà á. N kò mọ̀ pé ènìyàn lè jẹ̀bi kí orí rẹ̀ sì wú bẹ́ẹ̀.

Pásítọ̀ ti kọ orúkọ nínú rẹ́jísítà láàárọ̀ náà. Aago méje ku ìṣẹ́jú márùn-ún. Ó jókòó sí àga kẹta láti ẹ̀yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá arúgbó kan tí etí rẹ̀ kò gbọ́ dáadáa mọ́, tí ojú rẹ̀ sì ti ṣú. Ìyá yìí a máa kọrin ní ohùn tirẹ̀, ní àsìkò tirẹ̀, lẹ́yìn tí gbogbo wa bá ti kọjá ibẹ̀. Ó nawọ́, ó fọwọ́ kan apá pásítọ̀.

"Ọmọ mi, ṣé àlejò ni ọ́?"

Mo wà ní àga iwájú wọn, mo gbọ́ ọ. Pásítọ̀ ní, "Ẹni ilé ni mí, mà. Ó kàn pẹ́ díẹ̀ tí mo wá ni."

"Kí o má ṣe jẹ́ kó pẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ́," ìyá ní. "Gba ìwé orin yìí. Ojú mi kò ríran kà á mọ́. Máa kà á sí mi létí, kí n lè mọ ibi tí wọ́n dé."

Bí iṣẹ́ rẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, iṣẹ́ kan ṣoṣo tí mo gbà kó ṣe. Bí orin bá ti bẹ̀rẹ̀, yóò tẹ orí sílẹ̀, yóò ka ìlà kọ̀ọ̀kan sókè sí ìyá létí, ọ̀rọ̀ kan lẹ́yìn ọ̀rọ̀ kan, kí ìyá tó gbé e. Ó ti mọ gbogbo orin náà lórí tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó mọ̀ ọ́n lórí kì í gbọ́ ohun tó ń sọ.

N kò ní parọ́ pé ọjọ́ àkọ́kọ́ dára. Kò mọ ohun tí yóò fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe. Ó wo aago. Nígbà tí ẹ̀rọ gbohùngbohùn han gooro, ó ti fò dìde kó lọ tún un ṣe. Mo yíjú wò ó bí mo ṣe máa ń wo ọmọ kíláàsì, ó sì jókòó. Ní ọjọ́ Ìsinmi kejì, mo rí i tó ń fi fóònù sábẹ́ ìwé orin. Mo na àtẹ́lẹwọ́ mi sẹ́yìn láì sọ̀rọ̀. Ó gbé fóònù náà lé e. Àwọn ọmọdé tó rí wa fẹ́rẹ̀ẹ́ kú fún ẹ̀rín. Nígbà tí ìsìn parí, mo bi í pé báwo ni. Ó ní, "Mo ṣì ń ro táǹkì, mà." Mo gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín. Mo délé, mo ṣí dúrọ́ọ̀, mo wo àpò funfun náà, mo sì tì í.

Ọjọ́ Ìsinmi kẹta, òjò rọ̀ láti ìdájí. Ọ̀nà Ayọ̀bọ̀ di ẹrẹ̀. Mo rò nínú ara mi pé kò ní wá, pé ó ti rí àwáwí. Nígbà tí mo dé gbọ̀ngàn, rẹ́jísítà ti wà ní ṣíṣí lórí tábìlì, orúkọ rẹ̀ sì ti wà níbẹ̀ lókè, kí ẹni tó ń gbálẹ̀ tó dé. Ó ti fi mọ́tò sílẹ̀ lọ́nà, ó ká ṣòkòtò dé orúnkún, ó fi ẹsẹ̀ rìn nínú ẹrẹ̀. Ìgbálẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ti rin. N kò sọ nǹkan kan nípa kọ́là.

Láàárín orin, iná lọ. Dùùrù dákẹ́, ẹ̀rọ gbohùngbohùn kú, ó ku ohùn wa nìkan àti òjò lórí páànù. Pásítọ̀ ń kà á sí ìyá létí lọ. Ó ka ìlà kan. Ó ka èkejì. Nínú ìlà kẹta, ohùn rẹ̀ dúró.

"Kí ló kù?" ìyá ní. "Parí ẹ̀ jàre!"

Kò lè parí ẹ̀. Mo gbọ́ bí ó ṣe gbìyànjú, ẹ̀ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ ìró orúnkún rẹ̀ nílẹ̀. Ìyá wá a kiri pẹ̀lú ọwọ́, ó bá orí rẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé e, ó sì ń bá orin tirẹ̀ lọ, ìlà tí gbogbo wa ti kọ kọjá.

Orin parí. Bàbá alága bọ́ síwájú láti ka ìfilọ̀. Ó ṣí ìwé rẹ̀, ó gbójú sókè, ó rí pásítọ̀ lórí ìkúnlẹ̀ nínú ṣòkòtò tó kún fún ẹrẹ̀, èjìká rẹ̀ ń mì. Bàbá ká ìwé náà padà.

"Ìfilọ̀ á dúró," ni ó wí, ó sì jókòó.

Kò sẹ́ni tó ní kí a dákẹ́. Gbogbo wa dákẹ́. Àwọn ọmọdé pàápàá dákẹ́. Mo ti wà nínú ìjọ yìí láti ìgbà tí ẹ̀gẹ́ wà níbẹ̀, n kò tíì rí ọjọ́ tí mo fi wọ́n yangàn tó ọjọ́ yẹn, tí odidi ìjọ dúró de ẹnì kan kó jọ́sìn tán.

Ọjọ́ Ìsinmi kẹrin kò ní ìtàn. Ó wá, ó kọrin, ó jókòó. Kò wo aago.

Ọjọ́ àjọ̀dún, àwọn àlejò wá láti Dòpèmú àti Gowon Estate. Wọ́n ń wò kiri, wọ́n ń wá ibi tí pásítọ̀ yóò ti jáde. Ó ti wà láàárín wọn. Nígbà tí àsìkò ìwàásù tó, ó dá ìwé orin padà fún ìyá, ó dìde láti àga kẹta ẹ̀yìn, ó sì rìn lọ síwájú. Kò pariwo. Ó sọ bí ènìyàn ṣe lè máa gbé nílé oúnjẹ kí ebi sì fẹ́ pa á kú, ó sì sọ ẹni tó fún òun ní ìwé orin. Kò sọ̀rọ̀ lẹ́tà. Kò tó ogún ìṣẹ́jú tó fi jókòó. Bàbá alága yíjú sí mi, ó ní, "Ó ti parí? Èmi ò tíì tún agbádá mi ṣe!" Ìyá arúgbó náà ń wí fún gbogbo ẹni tó bá kọjá pé, "Ọmọ tó máa ń jókòó tì mí ló wàásù yẹn o. Mo ti mọ̀ pé ó máa ṣe é."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun dé. Mo gbé lẹ́tà náà sórí tábìlì, mo gbé bírò pupa tì í. Mo ti bá ara mi sọ ọ́: bí ó bá wá, tó sì béèrè fún un, màá máàkì í lójú ẹsẹ̀, màá sì dá a padà fún un. Ìwé ẹni ni ìwé ẹni. Tíṣà kì í ha ìwé ọmọ mọ́ ọwọ́. Aago mẹ́rin lù. Aago mẹ́rin àbọ̀ lù. Mo bẹ̀rẹ̀ sí nu tábìlì tí mo ti nù. Nígbà tó ku díẹ̀ kó di aago márùn-ún, mo gbọ́ ohùn rẹ̀ àti ti ìyàwó rẹ̀ lẹ́nu géètì. Mo yára ju àpò lẹ́tà náà sínú dúrọ́ọ̀, bí ẹni pé èmi ni mo jí i.

Ó tẹ́ páálí kan sórí tábìlì mi. Yàrá ẹ̀yìn pẹpẹ ló yà síbẹ̀. Ó ní òun fẹ́ kí wọ́n fi búlọ́ọ̀kù dí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn náà pa, kí wọ́n gbé fèrèsé ńlá sí iwájú rẹ̀, kí àwọn ìyá tó ń tọ́mọ lọ́wọ́ lè máa jókòó síbẹ̀, kí wọ́n máa rí wa, kí wọ́n sì bá wa kọrin. Ìwọ̀n tó kọ síbẹ̀ kò bára mu. Mo tún ìṣirò rẹ̀ ṣe.

"Ẹ sì tún bá wa kọ ètò ìsìn tuntun, mà," ó wí.

A jọ kọ ọ́. Ìlà kìíní ni pé gbogbo wa yóò wọlé pọ̀.

Nígbà tí wọ́n dìde láti lọ, n kò lè mú un mọ́ra mọ́. Iṣẹ́ tíṣà kò jẹ́ kí n lè mú un mọ́ra. Mo ṣí dúrọ́ọ̀, mo fa lẹ́tà náà yọ, mo gbé e sókè.

"Ta ló ni èyí?"

Ó sún mọ́ mi. Ó wò ó fínnífínní. Ó mi orí.

"Mà, ọwọ́ ìkọ̀wé mi kọ́ nìyẹn."

"Kí ni, mà?" ìyàwó rẹ̀ béèrè, ó ń wo ojú àwa méjèèjì.

"Ìwé ọmọ kíláàsì karùn-ún kan ni," ni mo wí. "Kò wá gbà á." Mo sì ní láti fi páálí yàrá náà bojú.

Lẹ́tà náà wà nínú dúrọ́ọ̀ mi, lábẹ́ àwọn rẹ́jísítà, òun nìkan ṣoṣo nínú gbogbo ìwé tí ọmọ kọ fún mi tí n kò fi bírò pupa kàn. Bírò náà kò sì jókòó lásán. Ní ọjọ́ Ìsinmi tó kọjá, ọ̀nà Ayọ̀bọ̀ tún dí, pásítọ̀ dé ní aago méje kọjá ìṣẹ́jú mẹ́jọ. Mo fi pupa kọ ọ́ síwájú orúkọ rẹ̀ pé ó pẹ́. Ó wò ó, ó kí mi, ó sì yára lọ jókòó ti ìyá.